Adéwọlé Di Ọmọ Sípéènì

                                        Alibon,
                                        Dagenham,
                                        Lọ́ńdọ̀nù.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2025.

Olúfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọdún, o kú ìyèdún. Ṣé ara gbogbo yín le ní Ìjẹ̀bú-Òde? Orúnkún màmá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ tíṣà kò tíì sú wọn? Àwa náà wà láàyè níbí, òtútù nìkan ló fẹ́ pa wá.

Ọ̀rọ̀ Adéwọlé, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Barking Riverside, ni mo fẹ́ rò fún ọ kí inú mi má baà bẹ́. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Akọ̀wé ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tẹ́ lójú mi, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń pè é.

Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, fẹ́ lọ sí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà mọ̀wé, kò sì sí ibòmíràn tí ọkàn rẹ̀ wà. Nínú fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n béèrè bóyá Hispanic ni, ìyẹn ni pé bóyá ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì wá. Ọmọ fẹ́ dáhùn pé rárá. Bàbá rẹ̀ ní kó dúró ná. Ó ní ṣé kò mọ̀ pé Àgùdà ni ìyá òun, pé láti Kúbà ni bàbá àgbà wọn ti dé sí Èkó? Ó ní kó máàkì bẹ́ẹ̀ ni, pé irú wọn ni yunifásítì ń wá.

Irọ́ kọ́ o. Ọmọ Àgùdà, àwọn tó ti òkè òkun padà sí Èkó, ni ìyá ọkọ mi lóòótọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọjọ́ tí a sọ Wúràọlá lórúkọ, Màmá, ìyá ọkọ mi, ju owó sínú abọ́ omi, wọ́n ní Ẹsiperánsà, ìyẹn ìrètí lédè Sípéènì, ni orúkọ tí àwọn fún ọmọ. Adéwọlé yìí ló yọ owó náà jáde lójú gbogbo ẹbí, tó ní òun ò ní sọ ọmọ òun ní orúkọ ẹrú. Màmá jókòó, wọ́n ń fi etí ìró nu ọwọ́ wọn tó tutù. Wọn ò pe orúkọ yẹn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Òun náà ló wá di ọ̀gá Àgùdà lónìí. Ó gbé kóòtù funfun wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òyìnbó Sípéènì tó ní ọkọ̀ ojú omi ni bàbá ńlá òun. Ó tún ń kí wa ní "Ola", bí àwọn ará Sípéènì ṣe ń kíni. Ọkùnrin tí wọ́n fi ẹ̀kọ àti àkàrà tọ́ dàgbà ní Ṣómólú. Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ. Tirẹ̀ lọ ra orísun tuntun.

Wúràọlá ní òun ò lè máàkì ohun tí òun ò mọ̀. Ó ní kí bàbá rẹ̀ sọ ìtàn bàbá ńlá náà fún òun. Kò mọ ìtàn kankan. Ọmọ bá gba nọ́ńbà lọ́wọ́ mi, ó pe àbúrò Màmá tó kù ní Èkó. Ìyá àgbà náà ní ọmọdé ni wọ́n jí bàbá àgbà àwọn gbé, pé oko ìrèké ni wọ́n ti lò ó dàgbà ní Kúbà, pé ó ṣiṣẹ́ títí ó fi ra ara rẹ̀ padà, ó sì wọkọ̀ wálé wá ṣe káfíńtà.

Ní Sátidé tó kọjá, Adéwọlé kó gbogbo wa jọ sílé rẹ̀ láti gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ó ní kí ọmọ ka àròkọ tó kọ mọ́ fọ́ọ̀mù náà sí wa létí. Ọmọ ti máàkì bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì kọ ọ́ pé ẹrú tó ra ara rẹ̀ ni bàbá ńlá òun, àti pé ìtìjú ni bàbá òun fi kọ̀ láti gba orúkọ tí ìyá àgbà fún òun. Mi ò mọ ẹni tó sọ ti orúkọ fún un. Bóyá èmi ni.

Adéwọlé ní, "Wúrà, please, yọ ẹrú yẹn kúrò. Just put Spanish."

Ọmọ ní, "Daddy, I've sent it. Àná ni mo ti fi ránṣẹ́."

Ó yíjú sí mi pé kí n bá òun bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mo ní àdúrà la bá wá. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run ẹrú tó ra ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún Wúràọlá. Gbogbo ilé ṣe àmín, Adéwọlé náà sì ní láti ṣe é.

A ò tíì gbọ́ èsì. Bá mi kí màmá rẹ àti ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,

Ìbíwùmí.