Ohun Tí Bàbá Ẹ́ńjìnnì Sọ Nípa Géèmù Rẹ

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wáyà,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ìfọṣọ,
                                        Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ọmọ wa tó ń hu eyín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sinmi? Bó bá fi lè jọ ìwọ nígbà tó o wà ní kékeré, gbogbo àdúgbò ló máa jọ tọ́ ọ. Ní tèmi, ara le, iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí nítorí àga burúkú tí mo fi ń ṣiṣẹ́, o sì mọ̀ pé mi ò ní ra òmíràn. Bàbá wa náà wà dáadáa. Wọ́n ṣì ń jókòó síwájú ilé, wọ́n ń ka mọ́tò tó ń kọjá, wọ́n sì ń bá èyí tó bá sáré jù jà láìjẹ́ pé ẹni tó ń wà á gbọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O máa ti bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù, èmi tí mo ń fi àtúnṣe fóònù jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ nọ́ńbà rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á kó tó dún. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí mo lè sọ kí n tún máa gbọ́ ohùn rẹ. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí kó o tó kà á.

Ṣé o rántí oṣù kejì, nígbà tó o fi géèmù ogun ojú omi rẹ, Ọ̀gá Òkun, ránṣẹ́ sí mi, pé kí n gbé e sórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí àwọn oníbàárà mi fi ń gbá géèmù? O ní kí n jẹ́ kí àwọn èèyàn dán an wò, kí n fún wọn ní ìwé ìbéèrè tẹ́ ẹ tẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, kí n sì bá ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pàápàá èyí tí kò bá dùn-ún gbọ́. Mo ní kò sí wàhálà. Àṣé èmi gan-an ni wàhálà náà.

Kí n má purọ́, inú mi dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra. Ẹni tó wá ra wáyà lásán, màá ti sọ fún un pé àbúrò mi ló ṣe géèmù tí wọ́n ń gbá lọ́hùn-ún yẹn, pé òun ló kó ọkọ̀ ogun mẹ́sàn-án sójú òkun, òun ló ṣe ìjì, òun ló ṣe èbúté mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì dán an wò láti bu géèmù yẹn kù níṣojú mi, á rí ìjà.

Àwọn èèyàn kúkú sọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní àwọn ọkọ̀ náà ti lọ́ra jù, pé kí ẹyọ kan nínú wọn tó yí orí padà, òun á ti fá orí oníbàárà méjì, àwọn méjèèjì á sì ti délé. Mo kọ ọ́. Tíṣà ìṣirò kọ ojú ìwé mẹ́ta sẹ́yìn ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, láti fi hàn pé epo tó o fún àwọn ọkọ̀ náà ò lè gbé wọn dé èbúté kẹrin àfi tí wọ́n bá ń mu omi òkun. Mo fi ránṣẹ́, ìwọ náà sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Aránṣọ tó ń gbé lókè ilé wa ló yà wá lẹ́nu jù. Kò gbá géèmù rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò nà nínú wọn. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ẹni tó bá fara balẹ̀ ronú ló ń borí, kì í ṣe ẹni tí ìka rẹ̀ yá. Ohùn ọ̀gágun tó ń pàṣẹ nìkan ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní ó ń jágbe mọ́ èèyàn bí onílé tó fẹ́ lé ayálégbé jáde. Gbogbo ìyẹn ni mo kọ.

Ó wá ku ẹnì kan. Mo ti sọ fún ọ nípa Bàbá Ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Rédíò kékeré kan ni wọ́n gbé wá fún mi láti tún ṣe, mo bá ní kí wọ́n máa bá wa gbá géèmù bí wọ́n ṣe ń dúró. Bàbá wọ awò ojú wọn, wọ́n jókòó, wọ́n rọra kọ́ ọ títí ó fi mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe ò yé ẹnikẹ́ni. Gbàrà tí ọkọ̀ kan bá ti rì, ì báà jẹ́ tiwọn, ì báà jẹ́ ti ọ̀tá, wọ́n á yí ọkọ̀ wọn padà, wọ́n á lọ máa yí ibẹ̀ po. O mọ bó ṣe máa ń rí: ọkọ̀ á dojú dé, èéfín á rú, omi á hó díẹ̀, òkun á sì tún mọ́ tónítóní. Ibi tó mọ́ yẹn ni Bàbá ń yí po tí ọ̀tá á fi wá ká wọn mọ́bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pàdánù. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pé Bàbá ti ṣìnà. Èmi náà rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá ni, mo bá lọ dúró lẹ́yìn wọn láti kọ́ wọn.

Bàbá bi mí pé, “Ìyá Wáyà, àwọn èèyàn inú ọkọ̀ yìí dà?”

Mo ní, “Bàbá, wọ́n ti bá ọkọ̀ lọ nìyẹn.”

“Gbogbo wọn? Lẹ́ẹ̀kan náà? Kì í rí bẹ́ẹ̀ o.”

Wọ́n wá sọ fún mi pé iná sọ nínú ọkọ̀ tí àwọn wà nígbà kan, pé àwọn bẹ́ sómi, àwọn márùn-ún sì di igi kan mú láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ méjì ló kọjá. Èkíní rí wọn, kò dúró. Èkejì yí padà, bẹ́ẹ̀ ogun wà lójú omi lásìkò náà, ẹni tó bá dúró lójú kan ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu ni. Bàbá ní ohun tí géèmù yìí ò ní nìyẹn. Kí èèyàn wà nínú omi, kí ẹni tó ń gbá a wá yàn bóyá òun á dúró kó wọn tàbí òun á kọjá. Bó bá dúró, ọ̀tá lè bá a. Bó bá kọjá, kó kọjá, ṣùgbọ́n kó rí wọn. Wọ́n ní ọgbọ́n ogun ojú omi wà nínú ìyẹn ju ti ìbọn lọ, pé èyí tí àwọn ń gbá yìí, ẹni tó ṣe é ò tíì dé ojú òkun rí.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló ká mi lára. Níwájú àwọn oníbàárà tí mo ti ń fi ọ́ yangàn fún! Mo là á mọ́ wọn pé, “Bàbá, géèmù ni o, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wá òkú.”

Onígbàjámọ̀ gan-an ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní mo ṣeun, wọ́n gbé rédíò tí mi ò tíì tún ṣe tán, wọ́n sì lọ. Wọn ò padà wá mọ́. Ìwé ìbéèrè wọn wà níwájú mi níbẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ ti béèrè pé kí ni wọ́n rí sí i, mo kọ “Ó dára.” Níbi tẹ́ ẹ ti béèrè pé kí ló kù, mo kọ “Kò sí.” Mo ní èmi kọ́ ni màá fọwọ́ ara mi gbé èébú lọ fún àbúrò mi. Mo tún tan ara mi pé ọgbẹ́ ọkàn àgbàlagbà ni Bàbá ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ géèmù.

Nígbà tí Ọ̀gá Òkun wá jáde, mo ń ka ohun tí àwọn tó ń gbá a ń sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yin ìjì. Wọ́n yin epo, tíṣà ìṣirò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kọ ọ́ pé òun ti ri ogójì ọkọ̀ kí òun tó jẹun àárọ̀, kò sì ṣe òun bíi pé òun ṣe nǹkan kan, òun ti yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà òun. Òmíràn ní ọkọ̀ rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi òkò ṣẹ́ agolo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé òótọ́ ni. Ojú ẹsẹ̀ ni Bàbá Ẹ́ńjìnnì sọ sí mi lọ́kàn. Mo pa ojú ìwé náà dé, mo ní aláìníṣẹ́ ni gbogbo wọn.

Àfi ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé àtìbẹ̀rẹ̀ lo ti ṣe àwọn èèyàn sínú omi, àwọn atukọ̀ tó léfòó, àti ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n á fi kó wọn. Mi ò mọ̀! O ò sọ fún mi rí! O ní ọ̀gá rẹ ní àṣejù ni, pé kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ẹ fẹ́ fún àwọn èèyàn dán wò, pé bí ẹnì kan péré bá béèrè rẹ̀, ẹ ó dá a padà. O ní ibi mọ́kànlá ni ìwé ti wá, pé tèmi lo fi ṣe ìkẹyìn nítorí pé atukọ̀ kan wà níbẹ̀. O ṣí ìwé Bàbá Ẹ́ńjìnnì, o rí “Kò sí.” Ọ̀rọ̀ tó o kọ tẹ̀ lé e ni mo kà títí ojú fi ń ro mí: bí ẹni tó lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lórí omi ò bá wá wọn, ta ló máa wá wọn? Ìwọ fúnra rẹ lo fọwọ́ ara rẹ yọ wọ́n kúrò.

Ní báyìí tí wọ́n ti tú ẹ̀ka yín ká nítorí pé géèmù náà ò tà, o ní ó ti hàn pé ojú rẹ kì í ṣe ti iṣẹ́ yìí, pé o ti gba iṣẹ́ sí ilé ìtajà táìlì, oṣù tó ń bọ̀ lo máa bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, o wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O ní nínú gbogbo èèyàn, èmi nìkan ni mi ò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́. Àbúrò mi, ayé ti nà mí ní pàṣán tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò tíì fi ọpẹ́ nà mí rí.

Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé ni mo wá Bàbá Ẹ́ńjìnnì lọ sí yàrá wọn lẹ́yìn ọgbà iléèwé. Rédíò náà wà lórí tábìlì, kò tíì dún láti ìgbà yẹn. Mo ti kó irin iṣẹ́ dání, mo kọ́kọ́ tún un ṣe, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu. Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni mo tó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ti èébú yẹn kò tó nǹkan, ẹnu àwọn ọ̀gá ọkọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni mo bá jẹ́wọ́ ìwé ìbéèrè, mo sì sọ ohun tó o ti ṣe sínú omi kó tó di pé Bàbá béèrè. Bàbá pa rédíò. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde ni.

Wọ́n ní, “Báwo ló ṣe ṣe wọ́n? Ṣé wọ́n ń juwọ́?”

Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní bó bá ti pẹ́ díẹ̀, ẹni tó wà nínú omi kì í lè juwọ́ mọ́, ojú nìkan ló fi ń pe èèyàn. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá o mọ ìyẹn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i.

Mo fún Bàbá ní ìwé ìbéèrè tuntun. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́, mi ò fọwọ́ kàn án, òun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo sì mọ̀ pé ìwé yìí ti pẹ́ jù fún ọ̀gá rẹ àti fún ẹ̀ka yín. Mi ò sọ pé kó o má lọ ta táìlì, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mi ò sì bẹ̀ ọ́ pé kó o tètè dárí jì mí. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kó o má sọ mọ́ láé pé kò sẹ́ni tó rí ohun tó o rí. Ẹnì kan rí i. Èmi ni mo kọ “Kò sí.”

Bá mi kí ìyàwó wa, bá mi gbé ọmọ wa mọ́ra. Aránṣọ àti tíṣà ń kí ọ. Mi ò tíì lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Bàbá wa, wọ́n ṣì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé èmi ni mo ràn ọ́ lọ́wọ́.

Wò ó, bí àwọn èèyàn inú omi yẹn bá ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà kankan lọ́dọ̀ rẹ, fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe fún títà, fún ẹnì kan péré ni. Bàbá ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ báyìí, wọ́n á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àárín, wọn ò sì ní gbá nǹkan kan. Bó o bá ti pa wọ́n rẹ́ pátápátá, kọ ọ́ sí mi bẹ́ẹ̀. Má ṣe sọ ọ́ fún Bàbá fúnra rẹ. Èmi ni kí n lọ sọ ọ́.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì,
                                        Ìyá Wáyà.