Ṣé Kí Wúrà Sá fún Owó Orí?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni mò ń gbé. Wúrà, ọmọ mi tí mo bí sí Amẹ́ríkà, ń sáré ìje fún yunifásítì kan níbẹ̀, ilé iṣẹ́ bàtà sì ń sanwó fún un láti polówó ọjà wọn. Yunifásítì mìíràn ti ń pè é báyìí. Ìpínlẹ̀ tiwọn kì í gba owó orí lórí owó ìpolówó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá. Mo ní kó lọ kíá. Bàbá rẹ̀ ní àfi bí wòlíì ìjọ wa bá ríran sí i. Ìran lórí owó orí kẹ̀! Wúrà wá ní, "Mọ́mì, ọ̀rẹ́ mi tó ń fọ abọ́ ní kántíìnì ń san tiẹ̀. Kí ló dé tí èmi ò ní san?" Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n fọmọ yìí lésì? Ọjọ́ Ẹtì ni yunifásítì tó ń pè é fẹ́ gbọ́ ìpinnu rẹ̀.