Ojú Ọ̀tún Nìkan Ni Mo Kán An Sí

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Èmi tí mo ń fi orí ru pákó nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lọ síléèwé, tí mo wá fi alẹ́ kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tí ayùn gé mi níka, tí iná jó ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo sì tún un kọ́, ṣé oògùn ojú ló máa wá dá mi lágara?

Ara mi le. Yàrá tí ọmọ wa obìnrin fún mi lókè dára. Alaalẹ́ ni mò ń kán oògùn dókítà, kí omi tó ń ti ẹyinjú látinú lè máa rọra jáde. Ojú ọ̀tún ni mò ń kán an sí, torí òun ni káfíńtà fi ń wo pákó bóyá ó gún. Dídì là ń di tòsì. Kí n wá fi oògùn ṣòfò sí i?

Lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ tẹjú mọ́ mi. "Bàbá, irun ìpéǹpéjú ọ̀tún yín ti gùn bíi ti ìyàwó tuntun, tòsì ò yí padà. Oògùn yẹn ló ń mú irun ojú gùn. Ẹ ò kán an sí méjèèjì?"

Mo ní ẹwà àgbà ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi padà lọ bá dókítà. Dókítà ní ohun tí ojú òsì ti pàdánù ò ní padà mọ́. Látìgbà náà, tí ọmọ rẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́, á fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn, kí n má baà ṣubú. Kò dárúkọ ọjọ́ tí n ó wálé mọ́.

Má ronú o. Bá mi kí àbúrò mi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi. Bí ìlà bá gun ara wọn, bírò ni.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó tú ilẹ̀kùn yẹn kúrò lára férémù. Kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, n ó ti jókòó nísàlẹ̀ dè é.