Òǹtẹ̀ Ẹbí fún Físà Ẹ̀gbọ́n Mi

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi; ẹ sáà ní ará Ìkẹ́rẹ́ kan ló kọ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé òkè òkun pẹ̀lú físà àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni dókítà ti ń tọ́jú kíndìnrín wọn. Kí físà náà tó lè gùn sí i lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún wọn hàn, owó ìfẹ̀yìntì wọn kò sì tó.

Wọ́n pè mí lórí fóònù: "Akọ̀wé ẹbí, kọ ọ́ pé èmi nìkan ni mo ni oko kòkó Ìgbàrà-Odò. Bá mi bu òǹtẹ̀ ẹbí lù ú."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oko Bàbá ni. A ò tíì pín in láàárín àwa ọmọ márùn-ún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó wo ló fẹ́ wá já kòkó níbẹ̀?"

Òyìnbó kọ́ ni mò ń rò. Ìdílé kan ládùúgbò wa ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, kí arákùnrin wọn lè rí béèlì gbà. Nígbà tó kú, ìwé yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi gba ilẹ̀ ẹbí ní kóòtù.

Mo ti kọ ìwé méjì. Ọ̀kan sọ òtítọ́, pé ìdá kan nínú márùn-ún oko náà ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Ìyẹn kò lè gba físà. Èkejì sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tiyín ni, èwo lẹ máa bu òǹtẹ̀ lù?