Páìpù Oníná àti Ẹsẹ̀ Òsì Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Gègé ló ń bá mi kọ ìwé yìí, ọmọ-ọmọ mi ni, àbíkẹ́yìn tí ọmọbìnrin mi bí. Mi ò mọ̀wé. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi iyọ̀ kún un.
Dókítà ní iṣan ẹsẹ̀ òsì mi ti dí. Ọmọ ìka kan ti ń dúdú. Bí mo bá jáwọ́ nínú sìgá títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n á la iṣan náà. Bí mi ò bá jáwọ́, gígé ni. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo ti ń fa sìgá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Gègé ra páìpù oníná fún mi. Kò sí eérú, kò sí ìṣáná. Wáyà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń se omi olóòórùn dídùn di èéfín — kọ́ìlì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó tà á, Onírùngbọ̀n ni mo ń pè é, fara balẹ̀ ṣàlàyé. Nọ́ńbà ara kọ́ìlì ni bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Bó bá tóbi, ká gbé fóltéèjì, agbára iná náà, sókè. Bó bá kéré, ká sọ ọ́ kalẹ̀. Tèmi jẹ́ 2.4. Ó yí òrùka ìdí páìpù sí 4.2. Ó ní, "Màmá, ẹ rọra fà á, ẹ má bá a jà." Ó dáa. Kì í ṣe sìgá, àmọ́ ó dáa.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Ọjọ́ márùn-ún. Kò sí sìgá. Mo ń bú gbogbo èèyàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Kọ́ìlì kú. Gègé ra mẹ́ta míì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. 1.2 ló wà lára wọn. Ó ní wọ́n wọlé dáadáa, ọ̀kan náà ni. Kò fọwọ́ kan òrùka. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan — bí ẹni jó àkísà sí mi lẹ́nu. Mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo ní, nọ́ńbà kékeré, ṣé kì í ṣe pé ká sọ iná kalẹ̀? Gègé ní rárá, Ìyá àgbà, ìdajì 2.4 ni 1.2, agbára rẹ̀ ò tó, ẹ jẹ́ ká fi iná kún un. Ó gbé e sí 4.8. Òun ló lọ sílé ìwé. Mo panu mọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Kọ́ìlì kejì ti jóná. Ọ̀fun mi ń ta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Ẹ̀kẹta náà lọ. Onírùngbọ̀n rìnrìn àjò, ó di Ẹtì kó tó dé. Mo ju ife mọ́ ògiri. Ọmọ ìka kejì ti ń dúdú. Gègé ń sunkún sórí ìwé. Mo ní kó nu ojú, kó máa kọ lọ.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́
Mo fa sìgá. Mẹ́ta. Awakọ̀ tó ń gbé òdìkejì òpópónà ló fún mi. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni mo ti fà á. Ó dùn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún
Onírùngbọ̀n dé. Ó wo páìpù, ó wo Gègé. "Ántí, 4.8 lórí 1.2? Ṣé ẹ fẹ́ yan Màmá jẹ ni?" Ó fi kọ́ìlì 1.2 tuntun sí i, ó yí òrùka wálẹ̀ sí 3.2. Èéfín wá, ó rọ̀, ó dùn.
Èmi tí mi ò mọ̀wé ni mo rántí ohun tó sọ, mo sì dákẹ́ fún ẹni tó mọ̀wé. Òmùgọ̀ ni àwa méjèèjì. Gègé, má pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ. Ó mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ti gbá èéfín lọ. Dókítà bi mí bóyá mo fa ẹyọ kan láti ọjọ́ kẹta. Mo ní rárá. Gègé ń wo ilẹ̀. Ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ.
Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó máa fún mi lóògùn oorun dé. Ó ní ẹni tó bá fa sìgá lọ́sẹ̀ yìí, àyà rẹ̀ lè dí lójú oorun, kó má jí mọ́. Kí n sọ òótọ́, àwọn á sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Mo tún ní rárá. Ó lọ.
Mo ti rò ó. Ìka mẹ́ta ló ti dúdú. Bí wọ́n bá sún un síwájú, ẹsẹ̀ lè lọ. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n lè gbé èmi àti ẹsẹ̀ méjèèjì sínú pósí, pé pérépéré.
Gègé, parí gbólóhùn yìí kó o dìde. Ẹni oògùn oorun ni kó kọ́kọ́ gbọ́: mo purọ́, sìgá mẹ́ta ni, Ọjọ́bọ̀ ni. Dókítà ló kàn. Lẹ́yìn náà, pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ọmọ mi àgbà, kó máa bọ̀ lónìí. Bó bá bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kọ́ìlì tó jóná, kó má bàa bá ọ wí, sọ pé èmi ni mo yí òrùka.