Ẹ̀jẹ̀ Ẹfọ̀n Tí Maxine Rí

Ẹ̀gbọ́n mi Verna,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ ní ìlú Darwin. Ṣé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ yín kò mú kó rẹ̀ yín jù? Màmá ń jẹun dáadáa. Òjò ti dá, àwọn òyìnbó ọdẹ sì ti ń dé.

Maxine àbúrò wa ni gbogbo wọn ń béèrè báyìí pé kó máa ṣamọ̀nà wọn. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n, mọ́tò ni wọ́n ní kí n máa wà. Ẹ̀gbọ́n, ó ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àlejò kan yìnbọn ba akọ ẹfọ̀n kan, ṣùgbọ́n kò kú. Maxine rí ẹ̀jẹ̀ lára koríko, ó ní, "Inú irà ló gbà." Èmi náà rí i. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọmọ yìí, amọ̀ pupa lásán nìyẹn. Ọ̀nà odò ló gbà." Àlejò tẹ̀ lé mi. Maxine nìkan ló wọ irà, ẹfọ̀n fi ìwo kàn án, apá rẹ̀ kán, kí Maxine tó yìnbọn pa ẹfọ̀n náà.

Maxine sọ fún ọ̀gá wa pé, "Èmi ni mi ò dúró de ẹ̀gbọ́n mi Lester." Kò mọ̀ pé mo rí ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Nígbà tí àlejò ń lọ, ó fún Maxine ní ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ yẹn ni mo kọ́kọ́ wò, kí n tó wo apá tí wọ́n dì.

Kí Ọlọ́run fún yín lókun. Ẹ bá mi pe Maxine, kó jókòó gbọ́ mi. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé mo rí ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Àbúrò yín,
Lester