Mi Ò Ta Ahéré Orí Yìnyín

Toivo àbúrò mi,

Ṣé ara le níbi tí oòrùn ti ń jó yín yẹn? Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Orúnkún mi ti ń sàn, ilé sì ń móoru.

O ní kí n ta ahéré tí olóògbé Eino ọkọ mi fi sílẹ̀ lórí adágún tó ti di yìnyín, pé ta ló kù tí yóò pẹja níbẹ̀. Èmi ni! Mo lọ lánàá. Orvo aládùúgbò wa ń rẹ́rìn-ín: "Màmá, ṣé yìnyín lẹ wá bẹ̀ ni?" Mo wọ inú ahéré, mo gbẹ́ ihò sínú yìnyín ibẹ̀. Mo fi ekòló sí ìwọ̀ kékeré, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi títí ó fi kan ìsàlẹ̀, mo wá fà á sókè díẹ̀, torí ìtòsí ilẹ̀ ni ẹja pẹ́ẹ̀ṣì ti ń jẹ. Nígbà tí mo mú àkọ́kọ́, mo yọ ẹyinjú rẹ̀ ṣe ìdẹ bí Eino ṣe máa ń ṣe. Ni àwọn ẹja yòókù bá ń ya bo ìwọ̀ mi! Orvo wá kan ilẹ̀kùn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní ẹyinjú kan." Mo fún un, mo ní kó máa lọ bẹ yìnyín rẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Tètè wá, kó o sì mú aṣọ òtútù dání. Àga méjì ló wà nínú ahéré. Mo ti bọ́ sórí ti Eino. Tèmi ń dúró dè ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Lempi